Ta Ló Ka Nọ́ńbà Ara Àpò? Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Náítírójìn àti Kólíìnì Nínú Ewé àti Èso

Àwọn tó ń sin adìyẹ ní Ọ̀wọ̀ àti ní agbègbè Ọ̀sẹ̀ mọ nọ́ńbà kan dunjú: 16. Ìdá 16 nínú 100 ni amúaradàgbà tí wọ́n sábà máa ń kọ sára àpò oúnjẹ adìyẹ tó ń yé ẹyin. Bí ẹyin bá ti dín kù, olówó adìyẹ á yẹ ara àpò wò, á bú ẹni tó lọ oúnjẹ, á ní irọ́ ni nọ́ńbà yẹn. Ó lè jẹ́ irọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú èébú: báwo ni wọ́n tiẹ̀ ṣe kà á? Amúaradàgbà kì í ṣe àgbàdo tí èèyàn lè tẹ́ sórí ẹní kó máa kà á ní hóró-hóró. Ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn láàbù wa, ẹnikẹ́ni ò fojú kan amúaradàgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí dé òpin. Ohun mìíràn ni wọ́n ń kà, tí wọ́n wá fi ń ṣírò amúaradàgbà. Náítírójìn ni ohun náà.

Afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú, náítírójìn ló kó nǹkan bí ìdá 78 nínú 100 rẹ̀. Síbẹ̀ tẹ̀tẹ̀ àti àgbàdo ò lè rí i mú níbẹ̀. Inú ilẹ̀ ni gbòǹgbò wọn ti ń fà á, nígbà tí ìgbẹ́ ẹran, ewé jíjẹrà tàbí ajílẹ̀ oníyọ̀ bá ti yòrò. Ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà ló rí bí wọ́n ṣe ṣe tiwọn, nítorí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú kókó ara gbòǹgbò wọn ń bá wọn mú un látinú afẹ́fẹ́. Bó bá sì ti dé inú ewé, kò sí àrà tí ewé ò ní fi dá. Á fi ṣe amúaradàgbà, á fi ṣe ohun tó ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀, á fi ṣe kólíìnì tó wà lára awọ tín-ín-rín tó yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká. Gbágùúdá fi ṣe májèlé. Kòkó fi ṣe theobromine tó ń korò lẹ́nu. Obì fi ṣe kaféènì tí kì í jẹ́ kí awakọ̀ òru tòògbé. Gbogbo irè wọ̀nyí là ń gbìn láti Èmùrè-Ilé títí dé Ìfọ́n, gbogbo wọn ló sì ní náítírójìn nínú. Èyí tó ń bọ́ni wà níbẹ̀, èyí tó ń pani wà níbẹ̀.

Àgbẹ̀ ti ń wọn náítírójìn kí láàbù tó dé. Tó bá rí i pé ewé ìsàlẹ̀ àgbàdo ń pọ́n láti ṣóńṣó, tí pípọ́n ọ̀hún gba ojú egungun àárín ewé bọ̀ wá sísàlẹ̀, ó mọ̀ pé ebi ń pa ilẹ̀. Ewé àgbà ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n, nítorí àgbàdo á kó náítírójìn kúrò lára rẹ̀ lọ fún ewé tó ń yọ. Ojú àgbẹ̀ kì í sábà ṣì í nínú èyí. Ohun tí ojú ò lè sọ ni iye.

Iye yìí ni àwọn olùwádìí ní Rufus Giwa Polytechnic, Ọ̀wọ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Ondo State Polytechnic tẹ́lẹ̀, ti ń wá láti ọdún pípẹ́. Wọ́n á gbin iṣu, kókò, ànàmọ́ tàbí tòmátì. Wọ́n á da ìgbẹ́ adìyẹ sí apá kan, ajílẹ̀ oníyọ̀ sí apá kejì, wọ́n á fi apá kẹta sílẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe dá a. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á já ewé lọ sí láàbù láti mọ èyí tó ní náítírójìn jù. Ohun tí wọ́n rí kò ṣàjèjì sí àgbẹ̀ kankan: ìgbẹ́ adìyẹ ń gbé náítírójìn ewé sókè, ó sì ń mú kí ilẹ̀ rọ̀. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tọ́ọ̀nù tó yẹ kí òun dà sí hẹ́kítà kan ti ní nǹkan tó lè gbára lé, kì í ṣe àbá lásán.

Ní tèmi, ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù kì í ṣe láàbù. Oko ni. Ẹ jẹ́ ká mú tẹ̀tẹ̀. Ewé wo lẹ fẹ́ já? Náítírójìn ewé ọ̀jẹ̀lẹ́ tó wà lókè pọ̀ ju ti ewé tó ti gbó lọ, ti igi rẹ̀ sì tún yàtọ̀. Ẹni tó já ewé òkè ní oko Túndé, tó já ewé ìsàlẹ̀ ní oko Ṣadé, tó wá ní tẹ̀tẹ̀ Túndé dára jù, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ewé tó wà ní ipò kan náà lẹ máa já lára ìdí tẹ̀tẹ̀ púpọ̀, kẹ́ ẹ rìn wọ́gọwọ̀gọ la oko já, kẹ́ ẹ má dúró síbi ẹnu ọ̀nà tí ìgbẹ́ ẹran pọ̀ sí. Àkókò náà ṣe pàtàkì. Oòrùn ni ewé fi ń sọ náítíréètì tó fà látinú ilẹ̀ di ohun gidi, torí náà tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n já ní kùtùkùtù máa ń ní náítíréètì tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n já nígbà tí oòrùn ti ràn dáadáa. Ẹ kọ aago sílẹ̀.

Ẹ má kó o sínú ọ̀rá náílọ̀nù. Ewé á làágùn níbẹ̀, á gbóná, kí ẹ tó ti Ìdóàní dé Ọ̀wọ̀ àwọn kòkòrò àìfojúrí á ti jẹ nínú ohun tí ẹ fẹ́ wọ̀n. Àpò bébà ni kẹ́ ẹ lò. Eruku ojú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án, kẹ́ ẹ tètè gbọ̀n ọ́n, ẹ má rẹ ẹ́ sómi, nítorí náítíréètì àti kólíìnì tó dá wà máa ń bá omi lọ. Láàbù á gbé e sínú ààrò tó gbóná mọ níwọ̀n, 65 sí 70 ní ìdíwọ̀n Celsius, títí ìwọ̀n rẹ̀ ò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò tó dé pinpin. Ìgbà yìí ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Johan Kjeldahl, ará Denmark, ló gbé ọ̀nà tí wọ́n ń lò jù jáde lọ́dún 1883. Láàbù ilé-iṣẹ́ ọtí Carlsberg ní Copenhagen ló ti ń ṣiṣẹ́, ọkà bálì tí wọ́n fi ń pọn bíà ló sì ń wá amúaradàgbà inú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ọtí ṣe wá di ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọdé àti oúnjẹ adìyẹ káàkiri ayé nìyẹn. Ẹni tó bá ti wo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀kan kò ní tún fojú yẹpẹrẹ wo nọ́ńbà ara àpò.

Ìdajì gíráàmù ìyẹ̀fun ewé péré ni wọ́n máa ń wọ̀n, lórí òṣùwọ̀n tí èémí ẹni tó tẹ̀ mọ́ ọn lè mú kó máa gbọ̀n. Wọ́n á dà á sínú ìgò ọlọ́rùn gígùn. Wọ́n á fi èròjà tó ń mú iṣẹ́ yá sí i, èyí tí bàbà tàbí sẹ̀lẹ́níọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ kan tó ń jẹ́ kí ásíìdì lè gbóná ju bó ṣe yẹ kó hó lọ. Wọ́n á wá rọra da ásíìdì súlúfúríìkì lé e. Irú ásíìdì yìí ló wà nínú bátìrì ọkọ̀, àmọ́ omi kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ti láàbù. Wọ́n á gbé ìgò náà sórí iná nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín jáde.

Kíá ni á dúdú bí ẹni fi ẹ̀dú sí i. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ nìyí, nítorí tí ìfófòó bá gun ọrùn ìgò tó sì gbé díẹ̀ lára ìyẹ̀fun lẹ̀ mọ́ òkè, iye tí wọ́n máa rí kò ní pé mọ́. Wọ́n á dín iná kù, ìfófòó á rọlẹ̀, èéfín funfun á máa yọ. Dúdú á di àwọ̀ ilẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ á di ìyeyè, títí tí gbogbo rẹ̀ á fi mọ́ gaara, tí àwọ̀ ewéko fẹ́ẹ́rẹ́ á kù nínú rẹ̀ nítorí bàbà. Ó lè gba wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí iná mànàmáná ti já kulẹ̀ rí lórí iṣẹ́ yìí mọ ohun tí mo ń sọ: ìgò á tutù, iyọ̀ inú rẹ̀ á dì, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ ọ nígbà tí iná bá dé tàbí tí jẹnẹrétọ̀ bá dáhùn. Láàbù tí kò bá ní epo nílé, kó má dáná ásíìdì lọ́jọ́ náà.

Kí ni ásíìdì ṣe? Ó ti tú gbogbo ohun tó wà nínú ewé palẹ̀. Amúaradàgbà ti fọ́, kólíìnì ti fọ́, àwọ̀ ewé ti fọ́; náítírójìn inú wọn ti di ohun kan ṣoṣo tí ásíìdì dì mú pinpin. Láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á wá da sódà olóró sí i, irú èyí tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò. Ásíìdì á tú ọwọ́, amóníà á sì sá jáde. Ẹ mọ amóníà. Òun ni òórùn tó ń ta ni lójú nínú ilé adìyẹ tí wọn ò kó ìgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ooru omi gbígbóná á gbé e gba inú páìpù tutù, á sì kán sínú ásíìdì bóríìkì aláwọ̀ pupa rúsúrúsú tó ń dúró dè é. Bí amóníà bá ti kàn án báyìí, pupa á di àwọ̀ ewé.

Ó ku ẹ̀kán. Wọ́n á máa kán ásíìdì háídírókílóríìkì tí wọ́n mọ agbára rẹ̀ sínú omi aláwọ̀ ewé yìí láti inú gíláàsì gígùn tí wọ́n fàlà sí lára. Ó kù díẹ̀ kó pé, wọ́n á dín ọwọ́ kù. Ẹ̀kán kan, wọ́n á mi ìgò. Ẹ̀kán mìíràn, wọ́n á tún mì ín. Ẹ̀kán tó bá lé àwọ̀ ewé lọ, tí pupa fẹ́ẹ́rẹ́ padà wá tí kò sì lọ mọ́, òun ni ẹ̀kán tí wọ́n ń wá. Wọ́n á ka ibi tí ásíìdì dé. Wọ́n á sì ti ṣe irú iṣẹ́ kan náà láìfi ewé kankan sí i, láti mọ iye tí àwọn kẹ́míkà fúnra wọn mú wá, kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò.

Ìṣirò ibẹ̀ kò le. Ká ní ìdajì gíráàmù tẹ̀tẹ̀ gbígbẹ gba 14.5 mìlílítà ásíìdì tí agbára rẹ̀ jẹ́ 0.1, tí ìgò tí kò ní ewé gba 0.2. Ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ 14.3. Mìlílítà kọ̀ọ̀kan dúró fún 1.4 mìlígíráàmù náítírójìn, nítorí náà 20 mìlígíráàmù ló wà nínú 500, ìyẹn ìdá 4 nínú 100. Wọ́n á wá fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀, á di 25. Amúaradàgbà ìdá 25! Ẹni tó ń ta tẹ̀tẹ̀ ní Ọjà Ọba lè fi polówó. Ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ gbígbẹ la wọ̀n. Tútù là ń rà, tí omi bá sì kó 88 nínú 100 gíráàmù rẹ̀, gíráàmù 3 péré ni amúaradàgbà tó kù nínú 100 gíráàmù tí ẹ rà. Nọ́ńbà méjèèjì tọ̀nà. Ẹni tó bá sọ ọ̀kan láìsọ bóyá gbígbẹ ni tàbí tútù ni kò tíì sọ nǹkan kan.

Níbo ni 6.25 ti wá? Wọ́n gbà pé ìdá 16 nínú 100 amúaradàgbà ni náítírójìn, 100 tí a bá sì fi 16 pín jẹ́ 6.25. Ó bá ọ̀pọ̀ oúnjẹ mu, kò bá gbogbo wọn mu. Lọ́dún 1931, D. B. Jones ní Amẹ́ríkà tẹ àkójọ iye tó yẹ irúgbìn kọ̀ọ̀kan jáde: 5.95 fún ìrẹsì, 5.46 fún ẹ̀pà. Èyí kan àwọn tó ń ra pàǹtí ẹ̀pà fún oúnjẹ adìyẹ. Pàǹtí tó ní náítírójìn 7.5 nínú 100 á fún wa ní amúaradàgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 47 bí a bá lo 6.25, bí a bá lo 5.46, 41 ni. Owó tí ẹ san lórí àlàfo àárín wọn kì í ṣe owó kékeré.

Àmọ́ ìṣòro tó tóbi ju ìyẹn lọ wà nídìí ọ̀nà yìí. Ká ní ẹnì kan fẹ́ mọ iye ọkùnrin ìdílé kan tó wá síbi ìnáwó, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka fìlà. Onílù dé fìlà, awakọ̀ dé fìlà, mo-gbọ́-mo-yà náà dé tirẹ̀. Kjeldahl ń ka fìlà. Náítírójìn tó wà nínú amúaradàgbà, èyí tó wà nínú kólíìnì, èyí tó wà nínú kaféènì, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ásíìdì.

Àwọn oníjìbìtì tètè mọ èyí. Yúríà tí àgbẹ̀ ń rà ní náítírójìn ìdá 46 nínú 100. Ẹ fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀: á di "amúaradàgbà" 287 àti ààbọ̀ nínú 100, ohun tí kò ṣeé ṣe láyé. Kílò kan yúríà tí ẹnì kan bá pò mọ́ 100 kílò oúnjẹ á gbé nọ́ńbà ara àpò sókè ní nǹkan bíi 2.9. Oúnjẹ 13 á di 16 lójú láàbù. Màlúù lè rí nǹkan fi yúríà díẹ̀ ṣe nínú àpòlúkù rẹ̀, adìyẹ kò lè rí nǹkan kan fi ṣe. Ní China lọ́dún 2008, melamine ni wọ́n pò mọ́ wàrà tí wọ́n ti bomi là, kí nọ́ńbà náítírójìn rẹ̀ má bàa lọ sílẹ̀. Ìdá 66 nínú 100 melamine ni náítírójìn. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọmọ ọwọ́ (300,000) ló kó àìsàn, mẹ́fà sì kú. Kjeldahl kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ọ̀ràn yẹn. Wọ́n bi í ní ìbéèrè tí kò mọ̀ ọ́n dáhùn ni.

Torí náà ni àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń ya fìlà sọ́tọ̀ kí wọ́n tó kà á. Bí wọ́n bá da ásíìdì kan tó ń jẹ́ trichloroacetic sínú omi ewé, amúaradàgbà á dì, á rọ̀ sísàlẹ̀. Àwọn náítírójìn yòókù á dúró nínú omi. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá wọn ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ìgbà yẹn ni yúríà máa ń fara hàn. Náítíréètì tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, nítorí Kjeldahl kì í rí i mú tán àyàfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ásíìdì sálísílíìkì dè é. Ẹ̀rọ tó ń lo ọ̀nà Dumas, ará Faransé tó gbé tirẹ̀ jáde lọ́dún 1831, ń sun ìyẹ̀fun nínú iná tó lé ní 900 ní ìdíwọ̀n Celsius, ó ń ka gáàsì náítírójìn tó jáde láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó sì ń ka náítíréètì mọ́ ọn. Ó yára, kò lo ásíìdì, ṣùgbọ́n fìlà náà lòun náà ń kà.

Ti gbágùúdá ni kì í gba ìfojúbù rárá. Sáyánáìdì inú rẹ̀ kéré débi pé kò lè yí nọ́ńbà náítírójìn padà, síbẹ̀ òun ló ń pani. Wọ́n kì í wá a pẹ̀lú Kjeldahl. Bébà pẹlẹbẹ tí wọ́n rẹ sínú picrate ni wọ́n ń lò: wọ́n á lọ gbágùúdá díẹ̀ sínú ìgò kékeré, wọ́n á fi bébà oníyeyè náà kọ́ sókè láìjẹ́ kó kan gbágùúdá, wọ́n á dé e pa di ọjọ́ kejì. Bí sáyánáìdì bá jáde, ìyeyè á di pupa rúsúrúsú, tó bá pọ̀ gan-an á dúdú díẹ̀. Òfin oúnjẹ àgbáyé, Codex, kò fẹ́ kí ti gàrí kọjá mìlígíráàmù 2 nínú kílò kan, kò sì fẹ́ kí ti ìyẹ̀fun gbágùúdá kọjá 10. Ìdí tí àwọn ìyá wa fi ń rin gbágùúdá, tí wọ́n ń dì í lókùúta fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó yan án, nìyẹn: rírin náà ló ń jẹ́ kí èròjà inú rẹ̀ tú májèlé yẹn sílẹ̀ kó lè bá omi àti ooru lọ. Ẹni tó bá ń kánjú yan gàrí ọjọ́ kan náà ń ta wàhálà.

Ó wá kan kólíìnì. Orúkọ yìí ti wọ ẹnu àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ, wọ́n ń ta á ní ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo lílọ̀ gbé, òórùn ẹja ló sì máa ń ní. Ó máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́: ẹ ṣí àpò rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò òjò, ẹ á bá a ní ṣìgìdì. Ẹ má pò ó mọ́ fítámì kẹ́ ẹ wá gbé e pamọ́ fún oṣù púpọ̀, torí ó máa ń ba fítámì jẹ́. Òròmọdìyẹ tí kò bá rí i tó, iṣan ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, á máa wọ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ tó ń yé ẹyin á kún fún ọ̀rá. Èèyàn náà nílò rẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ àti fún ọpọlọ. Lọ́dún 1998 ni Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà sọ iye tó tó fún àgbàlagbà lójúmọ́: mìlígíráàmù 550 fún ọkùnrin, 425 fún obìnrin, 450 fún aboyún, 550 fún ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹyin ńlá kan ní nǹkan bí 147.

Adolph Strecker, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ rí i nínú òróòro ẹran lọ́dún 1849. Láti ìgbà náà ni ìṣòro kan ti wà lórí wíwọn rẹ̀: kì í sábà dá gbé. Èyí tó pọ̀ jù nínú sóyà wà nínú lẹ́sítíìnì, mọ́ ọ̀rá. Nínú ewé tútù, díẹ̀ dá wà, díẹ̀ wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó dá wà gbọ́dọ̀ fi yìnyín gbá ewé mú lójú ẹsẹ̀ tó bá já a, nítorí bí ewé bá ti ń rọ, tàbí tí wọ́n bá gún un, èròjà kan nínú ewé fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé kólíìnì kúrò lára lẹ́sítíìnì. Àpapọ̀ kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ á ti dà rú. Tó bá jẹ́ àpapọ̀ lẹ fẹ́, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n á fi mẹ́tánọ́ọ̀lù fa ohun inú ewé jáde, wọ́n á sè é pẹ̀lú omi bérímù títí ohun gbogbo tó so mọ́ kólíìnì á fi já.

Ọ̀nà àtijọ́ tí láàbù tí kò lówó púpọ̀ lè lò ni ti iyọ̀ Reinecke. Tí wọ́n bá da iyọ̀ yìí sínú omi tó ní kólíìnì, méjèèjì á di ara wọn mú, wọ́n á rọ̀ sísàlẹ̀ ní àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á yọ́ ọ nínú ásítóònù, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ tó ń wo ìmọ́lẹ̀ wo bí pupa náà ṣe jinlẹ̀ tó, ní ìgbì 526 nánómítà. Bí pupa bá ṣe jinlẹ̀ ni kólíìnì ṣe pọ̀. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n tẹ̀tẹ̀ ní ọgbọ́n kan tó máa ń fi tan ẹni tí kò fura. Ìdílé tẹ̀tẹ̀ wà lára àwọn ewéko tó ń sọ kólíìnì di betaine, èyí tí wọ́n ń kó jọ láti fi fara da ọ̀dá. Iyọ̀ Reinecke mọ betaine náà mú. Tí omi bá kan jù, betaine á bá kólíìnì rọ̀ sílẹ̀, láàbù á kà á pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì ní tẹ̀tẹ̀ kún fún kólíìnì. Omi tí kò kan ni kí wọ́n ti ṣe é.

Ọ̀nà kejì ń lo èròjà kan tí wọ́n rí lára kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, tí ń sọ kólíìnì di betaine tó sì ń tú háídírójìn pẹrọ́kísáìdì sílẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n á fi yọ àwọ̀ pupa tí wọ́n lè wọ̀n. Fítámì C inú ẹ̀fọ́ máa ń pa àwọ̀ náà, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀rọ olówó gọbọi tó ń ya nǹkan sọ́tọ̀, tó sì ń wọn ìwúwo ẹ̀ka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Steven Zeisel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lò ní North Carolina nígbà tí wọ́n tẹ iye kólíìnì inú oúnjẹ jáde lọ́dún 2003. Ó lè sọ èyí tó dá wà, èyí tó wà nínú lẹ́sítíìnì, àti betaine, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Oúnjẹ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń jẹ ni wọ́n kó jọ, ohun tí a sì fi ń gbé ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn wa kalẹ̀ nìyẹn.

Nínú àkójọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, 100 gíráàmù sóyà gbígbẹ ní nǹkan bí 116 mìlígíráàmù kólíìnì. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí Kjeldahl á rí nínú ìyẹn. Nínú ìwúwo 104 tí kólíìnì ní, 14 ni náítírójìn. Nítorí náà 116 mìlígíráàmù kólíìnì gbé nǹkan bí 16 mìlígíráàmù náítírójìn wá. Sóyà yẹn kan náà ní náítírójìn tó tó 5,800 mìlígíráàmù lápapọ̀. Kólíìnì kò tó ìdá kan nínú ọ̀ọ́dúnrún (300) rẹ̀. Kò lè gbé nọ́ńbà amúaradàgbà sókè débi tí ẹnikẹ́ni á fi rí i, bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà amúaradàgbà kò lè sọ fún wa bóyá ó wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Àpò méjì lè jẹ́ 16 géérégé, kí ẹsẹ̀ òròmọdìyẹ máa yẹ̀ lórí ọ̀kan, kí èkejì máa sáré.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní Rufus Giwa àti Achievers University, Ọ̀wọ̀, tí ẹ ń wá iṣẹ́ ìwádìí tí ẹ máa fi parí ẹ̀kọ́, iṣẹ́ rèé nílẹ̀: kólíìnì inú irú, ẹ̀gúsí, ewúro àti tẹ̀tẹ̀ bí wọ́n ṣe ń hù níbí, ní tútù àti lẹ́yìn sísè. Ẹ̀yin ọlọ́sìn adìyẹ, bí ẹ bá gbé oúnjẹ lọ sí láàbù, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú èsì bóyá gbígbẹ ni wọ́n wọ̀n tàbí tútù, nọ́ńbà tí wọ́n fi sọ náítírójìn di púpọ̀, bóyá wọ́n yọ náítírójìn tí kì í ṣe ti amúaradàgbà kúrò. Bí kólíìnì bá jẹ yín lógún, ẹ dárúkọ rẹ̀ kẹ́ ẹ sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀, torí kò sí nínú 16. Èsì tí kò bá sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, ẹ dá a padà fún wọn.